Àbúrò Mi, Mu Omi

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi wá, ẹ kú àdánù. Èmi ni ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú rẹ̀, ẹni tó ń pè ní Bọ̀dá Kàwékàwé. Wọ́n ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀ torí pé mo ń kàwé. Ìwé tí mo kà ò ràn mí lọ́wọ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú.

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì adìẹ. Aṣọ ìyàwó ló ń rán, funfun báláú. Ẹ sì mọ òfin rẹ̀: omi kì í wọ yàrá tí aṣọ funfun bá wà. Bó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ á gbẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó kan gbé ife tíì wọlé. Abẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Àǹtí ìyàwó, ìta ni kí ẹ ti mu ún. Bó bá kán síwájú aṣọ yìí, kí lẹ fẹ́ sọ fún ọkọ yín? Pé ẹ̀rù ló bà yín?" Ìyàwó sáré jáde, ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà. Ìta ló dà á sí, a dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n wá rí òkúta nínú kíndìnrín rẹ̀, gbogbo wa mọ ohun tó fà á. Omi tí kò mu ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n bá àrùn mẹ́dọ̀wú níbẹ̀, kòkòrò tó ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ láìpariwo. Dókítà ẹ̀dọ̀ ní òkúta kì í ṣe tòun. Dókítà kíndìnrín ní ẹ̀dọ̀ kì í ṣe tòun. Abẹ́rẹ́ wò wọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ̀yin dókítà, ṣé màlúù tí ẹ pa ni mí ni? Ọ̀kan mú ẹ̀dọ̀, ọ̀kan mú kíndìnrín. Ta ló ni èyí tó kù?"

Dókítà obìnrin kan ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àwọn olùwádìí kan ti rí i pé òkúta wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ní mẹ́dọ̀wú ju àwọn tí kò ní in lọ.

Mo ní, "Ṣé òun ló wá fà á?"

Ó ní, "A ò mọ̀, sà. Wọ́n jọ ń rìn ni. A ò mọ èyí tó ń fa èkejì, tàbí bóyá nǹkan mìíràn ló ń fa àwọn méjèèjì."

"Omi tí kò mu ńkọ́?"

"Ìyẹn náà wà níbẹ̀, sà."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin?"

"Ìyẹn gan-an ò tíì yé wa."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n mú nínú ìyẹn? Mo wá a lọ sínú ìwé, ìwé náà ń ṣiyèméjì bíi tèmi. Ṣé òkúta ló pa á? Ṣé ẹ̀dọ̀ ni? Ṣé omi ni? Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èwo nínú àìsàn náà la wò?

Bọ̀dá wa àgbà tó jókòó lápá ọ̀tún mi ní kí n dárúkọ òkúta, kí n fi mẹ́dọ̀wú sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin Abẹ́rẹ́ méjèèjì ò tíì relé ọkọ, ẹnu ayé ò sì ṣeé dí. Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kòkòrò yìí lè gba ara ìyá bọ́ sára ọmọ nígbà ìbí. Nínú gbogbo ohun tí mo bi àwọn dókítà, èyí nìkan ni wọn ò jiyàn lé lórí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí a bá ti sin ín tán, ẹ jẹ́ ká jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìyá kan ló bí èmi àti ìyá yín. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ na apá. Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ṣìkejì.

Abẹ́rẹ́, ìbéèrè mi ò tíì tán. O máa ń sọ pé, "Bọ̀dá Kàwékàwé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sinmi díẹ̀." Ó dáa, mo ti gbọ́. Máa lọ, àbúrò mi. Kí ọ̀nà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí o bá ti débẹ̀, mu omi. Mu ún tẹ́rùn. Kò sí aṣọ ẹnikẹ́ni lórí itan rẹ mọ́.