Má Pa Ẹ́ńjìnì Níwájú Ilé Mi

Ìwọ Wọlé, o pa ẹ́ńjìnì! Má wulẹ̀ la ẹnu, mo wà nídìí ẹja tí mò ń yan, mo gbọ́ bí ọkọ̀ ẹ ṣe ń pariwo bọ̀ láti ọ̀nà Mólútẹ̀hìn, bó ṣe kan ilé wa báyìí, o pa á, o mú àjẹ̀, o wá ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kọjá níwájú ilé òkú. Ìwọ! Àbúrò mi, tí ìyá kan náà bí wa! Ta ló kú nílé mi? Dá mi lóhùn!

Kí lo wí? Aláìsàn kẹ̀? Háà! Ìtẹ́olúwakìṣí ọmọ mi ni aláìsàn? Ọmọ tí o kọ́ ní lílúwẹ̀ẹ́, tí o máa ń ti òkèèrè pariwo orúkọ ẹ̀ kí ọkọ̀ ẹ tó yọ, tí yóò ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sáré jáde sórí afárá pákó? Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lánàá, Wọlé. Ó gbé ọwọ́ sókè láti kí ẹ, o ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ ẹ̀, ló bá rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó fi ń nu itan bíi pé nǹkan dà sí i lára.

Mo mọ̀. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ, má sọ ọ́. Ta ló sọ fún yín pé ara ọmọ náà ò yá? Èmi ni. Ẹnu mi yìí náà ni.

Ṣé o rántí ìgbà tí kì í dá ará ọ̀nà lóhùn mọ́? Wọ́n á kí i látinú ọkọ̀, á gbójú sílẹ̀, wọ́n ní ìgbéraga ni, wọ́n ní torí pé ó jáde ìwé mẹ́wàá. Ó ká mi lára! Lọmọ náà bá gbé fídíò kan wá bá mi lórí fóònù, ọmọbìnrin kan tó kun irun ẹ̀ ní àwọ̀ ewé ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ní tí ariwo bá ń dùn ẹ́, tí o ò bá lè wo èèyàn lójú, tí ọ̀rọ̀ bá ń sú ẹ, ọtísíìmù ni, bí wọ́n ṣe bí ẹ nìyẹn. Ọmọ mi ní, "Ìyé, èmi gan-an rèé." Ó ti kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ẹ̀ lórí TikTok, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́ sí i. Síbẹ̀ ó ní, "Ìyé, ẹ jẹ́ ká lọ bi nọ́ọ̀sì ní Ìgbókọ̀dá, kó wò ó bóyá lóòótọ́ ni."

Ṣé mo mú un lọ? Olúwa, dárí jì mí! Mo ní kí la tún fẹ́ bi nọ́ọ̀sì, ṣé fóònù ò ti sọ ọ́ ni? Inú mi dùn, Wọlé! Inú mi dùn pé nǹkan ń ṣe ọmọ mi! Ṣé o rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ rí? Torí mo ti rí nǹkan fi pa àwọn ẹlẹ́nu lẹ́nu mọ́. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ níbi tí a ti ń sá edé, "Ẹ má bínú sí i, àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe é." Àìsàn ọpọlọ! Fóònù gan-an ò pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà wá ń ṣe fún un bí a ṣe máa ń ṣe fún ilé aláìsàn, ẹ ń pa ẹ́ńjìnì, ẹ ń dákẹ́ kọjá. Àánú ni, mo mọ̀ pé àánú ni! Ṣùgbọ́n omi abẹ́ pákó nìkan là ń gbọ́ nílé wa báyìí.

Èmi tí mo bí i, ṣé n ò mọ ìgbà tó dákẹ́ ni? Ìgbà tí òkun gbé ilé àwọn Beauty ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ ni, tí wọ́n kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ẹ, Wọlé, ọkọ̀ tìẹ, tí wọn ò padà wá mọ́. Ó dúró lórí afárá títí a ò fi rí ọkọ̀ mọ́. Mo rí i. Ẹja ni mò ń yan. Bóyá ohun tí fóònù wí ń ṣe é, bóyá kò ṣe é, èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n n ò bi í! Èmi ìyá ẹ̀, n ò bi í!

Ìgbà tí o kọjá tán lánàá ló ní, "Ìyé, mo ti pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lórí fóònù mi. Báwo la ṣe fẹ́ pa á rẹ́ lẹ́nu àwọn ará Awóyè?" Mo fi etí aṣọ nu ojú. Mo ní èéfín ló kó sí mi lójú. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi í, ṣé ariwo ń dùn ún lóòótọ́? Ó ní nígbà míì. Ó ní ṣùgbọ́n ìdákẹ́ yìí ló ń dun òun jù.

Nítorí náà gbọ́! Ọ̀la ni ìwọ yóò gbé wa lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì náà. Kí o sì tó dé iwájú ilé mi, fi kún iná ẹ́ńjìnì yẹn, jẹ́ kó ké, jẹ́ kí àwo mi máa já bọ́ lórí pẹpẹ! Ti òkèèrè pe orúkọ ẹ̀, gbogbo ẹ̀, má gé e kù. Tí kò bá dáhùn, tún un pè. Tí kò bá dáhùn síbẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, Wọlé, má dákẹ́ kọjá bí èmi ṣe ṣe. Dúró síbẹ̀, kí o máa pè é.