Hóró Márùn-ún Tí Mo Fún Ajá Bàbá

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Ọlọ́run tó fún ẹranko ní èémí tó sì fún èèyàn ní ẹnu, Òun ni mo wá fi ìyìn fún.

Ẹ jọ̀ọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ láìwo ìwé, ẹsẹ̀ mi yóò gbé mi padà lọ jókòó. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ìwé, nítorí náà bí mo bá ṣì í kà níbì kan, ẹ fojú fò ó.

Ọ̀pọ̀ yín mọ bàbá ọkọ mi, ọdẹ ni wọ́n ní Igbó-Ọrà níbí. Wọn kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ògún ni wọ́n ń bọ, ṣùgbọ́n wọn ò dí mi lọ́wọ́ wíwá síbí rí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, èmi àti Bàbá àti ìyá ọkọ mi la jọ ń gbélé. Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Ohun tí wọ́n fi ń lọ sóko tí wọ́n fi ń bọ̀ láìṣubú ni ajá wọn, Bánidélé. Abo ajá pupa ni. Wọ́n á so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, á máa lọ níwájú, bó bá dé ibi tí kòtò wà, á dúró. Bàbá a máa sọ fún àwọn èèyàn pé ojú méjì ló kù fún àwọn, ọ̀kan ń jẹ egungun.

Lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gba apá ọ̀tún, ajá yìí bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Ó ń jẹun, kò sanra. Ikùn rẹ̀ wú, egungun ìhà rẹ̀ yọ síta, ó sì ń fi ìdí wọ́ ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sójú ọ̀nà oko, kò lè lọ mọ́. Bàbá dúró tì í nínú oòrùn títí ẹnì kan fi kọjá tó mú àwọn méjèèjì wálé. Láti ọjọ́ yẹn Bàbá ò jáde nílé mọ́. Wọ́n kàn ń jókòó, wọ́n ń fọwọ́ pa ajá lórí.

Nígbà tó yá, dókítà ẹran wá láti Ẹ̀rúwà, ó wá gún màlúù àwọn Fúlàní lábẹ́rẹ́. Bàbá ní kí n tẹ̀ lé àwọn torí èmi ni mo mọ̀wé nínú ilé. Dókítà tẹ ikùn ajá, ó wo ẹnu rẹ̀, ó ní aràn ló kún inú rẹ̀. Ó ka hóró oògùn mẹ́wàá sínú àpòòwé kékeré kan. Àwọn hóró náà rọ̀, omi ń mì nínú wọn.

"Ìyàwó, gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Hóró kan fún ìwọ̀n pọ́n-ùn mẹ́wàá. Àárọ̀ ni, kó tó jẹun. Lọ́jọ́ náà, kò gbọdọ̀ fẹnu kan epo tàbí ọ̀rá kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún un ṣe, torí ẹyin aràn kì í bá ìyá rẹ̀ kú."

Bàbá bi í pé, "Ṣé kò ní pa á?"

"Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín, májèlé ni. Iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́ ni pé kó pa aràn, kó má sì dé ọ̀dọ̀ ajá. Bó bá kéré, aràn á fi yín rẹ́rìn-ín. Bó bá pọ̀, ẹ ó sunkún. Ẹ lọ wọn ajá yín."

"Bí a ò bá wá fún un ńkọ́?"

"Aràn á jẹ ẹ́ tán kí òjò tó dá."

Bàbá ní kí n gba oògùn náà. Mo kọ gbogbo ohun tí dókítà sọ sí ẹ̀yìn àpòòwé yẹn.

Ibo la ti fẹ́ wọn ajá ní Igbó-Ọrà? Ilé ìkójà tí wọ́n ti ń ra èkùrọ́ la lọ. A ki Bánidélé bọ inú àpò ìdọ̀họ, orí rẹ̀ yọ síta, a sì fi í kọ́ ìwọ̀n. Àwọn àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí.

"Bàbá Ọdẹ, ṣé ẹ sá a gbẹ dáadáa? Wọn kì í ra ọjà tútù níbí o."

"Ẹ bá wa yọ òkúta inú rẹ̀ kúrò ná."

Bàbá ní, "Ẹ̀yin lẹ ní òkúta lórí."

Bọ̀dá Ràfíù, tó ń ka ìwọ̀n, kígbe pé ọgbọ̀n pọ́n-ùn. Bó ṣe ń bá mi já àpò náà sílẹ̀, ó rọra sọ fún mi pé, "Lánàá ni àwọn ọ̀gá wá láti Ìbàdàn wá tún ìwọ̀n yìí ṣe. Bó ṣe pè é yẹn ló rí." Èmi nìkan ni mo gbọ́.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe. Iye yòówù tí ìwọ̀n bá pè, wọ́n á fi kún un nínú ọkàn wọn, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbà pé ìwọ̀n ń jí ọjà wọn. Bàbá náà mi orí.

"Ọgbọ̀n kẹ̀? Ìwọ̀n tó ti ń jí èkùrọ́ wa láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Ìyàwó, fi ogún kún un. Hóró márùn-ún la ó lò."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo la ẹnu, mo pa á dé. Báwo ni màá ṣe sọ fún bàbá ọkọ mi láàárín ọkùnrin mẹ́fà pé wọ́n ṣì í? Bí mo bá sì ní Bọ̀dá Ràfíù ló sọ fún mi, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo lèmi àti ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo kó ẹnu mi wálé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá la ẹnu Bánidélé, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi hóró náà sí i lọ́fun lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di mẹ́ta, ọwọ́ mi dúró.

Bàbá ní, "Ó ku méjì."

Mo fi méjì náà sí i.

Ẹ̀yin ará, láti ìgbà náà ni mi ò ti lè jókòó. Mo gbálẹ̀ àgbàlá, mo tún un gbá. Mo fọ ìkòkò kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ajá náà bá mirí, màá ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Bó bá sùn, màá lọ wò ó bóyá ó ń mí. Ìyá ọkọ mi ní, "Kí ló ń lé ọ kiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa.

Oòrùn ti wà lókè nígbà tó dìde, tó ń rìn bí ẹni tó mutí. Ó bì, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì yẹ̀, ó ṣubú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Bàbá fọwọ́ wá a lórí ilẹ̀ títí wọ́n fi dì í lórí mú. Ìyá ti sáré gbé kèrègbè epo pupa wá.

"La ẹnu rẹ̀ kí n da epo sí i. Epo ló ń pa májèlé."

Bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe lóòótọ́. Ẹni tó bá jẹ ohun tí kò dáa, epo la ń fún un mu. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ sí ẹ̀yìn àpòòwé wà níwájú mi, epo ò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu. Bàbá ti la ẹnu ajá. Mo dúró síbẹ̀, mo sì gbàdúrà nínú mi, kò gùn rárá. Mo ní, "Olúwa, fún mi ní ẹnu nísinsìnyí, kódà bí mi ò bá tún ní in mọ́."

Mo gbọ́ ohùn ara mi. "Ìyá, ẹ dúró. Ẹ má da epo náà sí i lẹ́nu."

Ìyá ní, "Kí lo wí? Ajá ń kú lọ."

"Dókítà ní epo ò gbọdọ̀ kàn án."

"Ṣé dókítà wà níbí ni?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. "Bàbá, ìwọ̀n ò jí nǹkan kan. Wọ́n ti tún un ṣe. Bọ̀dá Ràfíù sọ fún mi létí nígbà tí a wà níbẹ̀. Hóró mẹ́ta ló yẹ kí a fún un."

Bàbá ò gbé orí sókè. "O gbọ́ bẹ́ẹ̀ lánàá?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"O sì fi márùn-ún sí i lọ́fun."

Bàbá sọ fún Ìyá pé kí wọ́n gbé epo kúrò, wọ́n sì ní kí n wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀rúwà kíákíá.

Inú mọ́tò yẹn kì í ṣe ibi ìsinmi. Dẹ́rẹ́bà ò tíì mọ apá ọ̀tún mọ́ ara, bó bá ti gbàgbé, gbogbo wa á pariwo "Ọ̀tún! Ọ̀tún!", á tún gbé mọ́tò padà. Àwọn èrò ń gbàdúrà kí a gúnlẹ̀ láyọ̀. Èmi ń gbàdúrà fún ajá. Ojú ń tì mí lọ́dọ̀ Ọlọ́run, mo ń rò ó pé bóyá a kì í fi irú ẹ̀ yọ Ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo tún rántí Bàbá lójú ọ̀nà oko yẹn nínú oòrùn, mo sì ń bẹ̀ Ẹ́ lọ.

Mo bá dókítà nídìí iṣẹ́. Ó bi mí ní iye hóró, àkókò tí a fún un, bóyá ó bì. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá a da epo sí i. Nígbà tí mo ní rárá, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ ṣeun. Epo ni ì bá gbé oògùn náà wọ inú ara rẹ̀ tán. Kò sí oògùn tó ń lé oògùn yìí padà, ṣùgbọ́n a lè mú kó tètè jáde."

Ó fún mi ní iyọ̀ ìṣunú, ó fi ọwọ́ hàn mí iye tí màá pò mọ́ omi. Ó ní kí a fi ajá sábẹ́ ibòji, kí a máa kán omi ṣúgà sí i lẹ́nu. Ó ní òun ò lè ṣèlérí.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo délé. Bánidélé ṣì ń mí. Bàbá ò kúrò níbi tí mo fi wọ́n sí. A fún un ní iyọ̀ náà, a sì kán omi ṣúgà sí i lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti yàgbẹ́ sí ẹsẹ̀ ògiri, aràn inú rẹ̀ pọ̀ tó ohun tí ọwọ́ méjì lè bù. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró, ó lọ mu omi nínú àwo rẹ̀. Mo sunkún. Ẹ bá mi yin Olúwa.

Bàbá pè mí. "Ìyàwó, ṣé èmi lo bẹ̀rù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Máa bẹ̀rù mi nídìí oúnjẹ. Níbi tí nǹkan bá ti fẹ́ kú, má bẹ̀rù mi."

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, hóró márùn-ún ṣì wà nínú àpòòwé. Ìyá ní a ò tún gbọdọ̀ fún un, àwọn ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́. Èmi náà ò fẹ́. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí a bá fún un, ó lè tún ṣubú. Bí a ò bá fún un, ẹyin tó kù á di aràn, gbogbo ìyà tó jẹ á di asán. Mo gbàdúrà, mi ò gbọ́ ohùn kankan láti ọ̀run. Ohun tí mo rí ni pé oògùn náà ò ṣẹ̀ wá, àṣejù wa ló ṣe é. Mo lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá, láìjẹ́ pé wọ́n bi mí.

A padà sí ilé ìkójà. Ìwọ̀n pè é ní pọ́n-ùn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àwọn ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ọ̀kan ní kí Bàbá fi díẹ̀ kún un kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Bàbá yíjú sí ibi tí wọ́n gbọ́ èémí mi.

"Ìyàwó, mélòó?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Mẹ́ta, Bàbá. A ò ní fi nǹkan kan kún un."

Bàbá ní, "Ẹ gbọ́. Mẹ́ta."

Ajá náà bì lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ tí a fún un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nísinsìnyí ó ti sanra, ó sì ti padà sójú ọ̀nà oko, okùn wà lọ́rùn rẹ̀, Bàbá wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin ará, mi ò ní tàn yín, títí di òní mo ṣì máa ń lọ wo ẹnu ajá yẹn bóyá ìfófòó wà níbẹ̀ kí n tó fọ ojú. Ṣùgbọ́n Olúwa tó la ẹnu mi kò jẹ́ kí ó padé kó tó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ògo ni fún orúkọ Rẹ̀. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ gbé orin tó wù yín, kí èmi lè lọ jókòó.