Etí Ọmọ Mi Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Wò

Gbogbo èèyàn ló ń kí mi kú oríire. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra ẹ̀fọ́ ní Alief, níbí ní Houston, kódà obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ mi ní daycare, wọ́n á ní, "Ọkọ ẹ ti dé! Olúwa ṣeun o!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá ní ẹ ṣeun, àdúrà yín ló gbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ inú mọ́tò mi, tí mo pa ilẹ̀kùn dé, ẹkún ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Pé ọkọ tí mo fi bí ọdún méjì dúró dè, mi ò fẹ́ rójú ẹ̀ sójú mọ́? Wọ́n á ní orí mi ò pé. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí rí, tí ẹ ò sì mọ ilé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Kì í ṣe yíyà o. Ọ̀gá mi ló ń yà á, èmi ni mò ń jókòó ti kọ̀ǹpútà tí mò ń tún un ṣe. Èmi ni mo máa dín ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù kù, èmi ni mo máa yọ irorẹ́ kúrò lójú ìyàwó, èmi ni mo máa rí i pé àwọ̀ ara èèyàn rí bó ṣe rí gan-an. Ohun kan wà níbi iṣẹ́ wa tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín. Kọ̀ǹpútà ò mọ pupa, kò mọ dúdú, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Àmì kan ló máa ń bá fọ́tò rìn, color profile là ń pè é, òun ló máa sọ fún kọ̀ǹpútà tó bá ṣí fọ́tò yẹn pé irú pupa báyìí ni nọ́ńbà yìí túmọ̀ sí. Tí fọ́tò bá dé ibòmíì láìsí àmì yẹn, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ á fi tiẹ̀ kà á. Tí tiwọn bá wá jẹ́ èyí tí àyè àwọ̀ rẹ̀ fẹ̀ gan-an, wàhálà dé: gbogbo àwọ̀ á le koko, ara tó dúdú á pọ́n, á tún mọ́lẹ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ti rí irú ẹ̀ rí. A máa ń fi rẹ́rìn-ín ni.

Ìbàdàn la ti ṣègbéyàwó. Mo padà sí Houston pẹ̀lú oyún tó ṣì kéré, ọkọ mi dúró sílé de físà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Mission Bend ni mò ń gbé, Aunty ni mò ń pè wọ́n, wọn ò sì fìyà jẹ mí. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi bí Ìbùkún, ọmọkùnrin tó dúdú dáadáa bíi bàbá rẹ̀. Nígbà tó lè gbé ọrùn dúró, ọ̀gá mi yà á ní fọ́tò kan tó dùn-ún wò, èmi fúnra mi ni mo tún un ṣe. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ń lọ sílé, ọjọ́ ìrìn àjò náà sì ti sún mọ́lé, kò sáyè láti dúró de ibi tí a ti máa ń tẹ fọ́tò. Mo fi í ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù míì. Oorun ọmọ títọ́ ń kùn mí, mi ò fi àmì sí àpótí kékeré ojú kọ̀ǹpútà tó máa jẹ́ kí profile bá fọ́tò náà lọ. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ wé e, arìnrìn-àjò náà yà gbà á, ó di Ìbàdàn. Èmi ò fojú kàn án.

Ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń mọ àwọ̀ tí ọmọ tuntun máa dà. Wọn kì í wo ojú. Etí ni wọ́n ń wò, etí àti ìdí èékánná. Tí ibẹ̀ bá dúdú, ọmọ máa dúdú, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó lónìí. Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, gbé fọ́tò yẹn kọ́ sí pálọ̀, wọ́n fi awò sójú, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wo etí. Etí pọ́n. Ìdí èékánná pọ́n. Màmá dúdú, bàbá ọkọ mi tó ti kú dúdú, ọkọ mi dúdú, èmi náà dúdú. Wọ́n pè mí. "Ìyàwó mi, o kú ìtọ́jú o. Ọmọ yìí mà pọ́n o! Ta ló gbé jọ?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ ni mí. Mo fi fọ́tò tó dáa ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Màmá ní, "Èyí dúdú, ti ara ògiri pọ́n. Èwo ni ká gbà níbẹ̀?" Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní, "Àbí ìwọ kọ́ lo sọ èmi náà di ọmọge?" Òótọ́ ni. Nígbà ọjọ́ ìbí wọn, mo ti fi kọ̀ǹpútà na gbogbo ojú wọn tó hunjọ, inú wọn dùn débi pé wọ́n gbé fọ́tò yẹn kiri àdúgbò. Ṣé ẹ wá rí ibi tí mo há sí? Kí ni mo fẹ́ fi gba ara mi sílẹ̀? Fọ́tò? Èmi tí gbogbo ìdílé mọ̀ pé mo lè sọ arúgbó di ọmọge? Tí a bá pe ara wa lórí fídíò, wọ́n á ní mo ti pa iná. Tí mo bá tan iná, wọ́n á ní ó ń tàn yòò jù.

Mo bẹ Aunty kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n pe Màmá lóòótọ́, wọ́n ní, "Màmá, ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọmọ yìí, ó dúdú." Ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ: "Ṣebí abẹ́ òrùlé ẹ náà ló ti ṣe é? Kí lo tún fẹ́ sọ?" Ó dun Aunty wọra. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ní àwọn ò dá sí i mọ́.

Ọkọ mi ńkọ́? Mo jókòó, mo ṣàlàyé profile fún un bíi pé mò ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Gbogbo grammar yìí, ṣé fọ́tò ló wá parọ́ ni?" Mo ní fọ́tò ò parọ́, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í kà. Nígbà tó yá ó ní, "Wọ́n ní test ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n fi ń mọ bàbá ọmọ. Ṣe é, kí ẹnu gbogbo wọn lè pa mọ́."

"Ìwọ lo fẹ́ ẹ, àbí Màmá?"

"Ṣáà ṣe é."

Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Mi ò ṣe é! Ṣé kí n lọ fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi jẹ́jọ́ ohun tí mi ò ṣe? Bẹ́ẹ̀ orúkọ mi ló wà lórí ìwé físà tí wọ́n fẹ́ fi mú un wá. Tí mo bá dá ìwé yẹn dúró, wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí mi ò bá dá a dúró, ẹni tó ń fura sí mi ni mò ń fọwọ́ ara mi mú wá sínú yàrá mi. Láàárọ̀, màá gba freeway lọ síbi iṣẹ́, màá tún àwọ̀ ọmọ ẹlòmíràn ṣe títí dìrọ̀lẹ́, màá padà wá kúnlẹ̀ kí Aunty. Kò síbi tí mo lè sá sí.

Físà jáde. Èmi àti Aunty gbé Ìbùkún lọ sí airport. Bí mo ṣe rí ọkọ mi lọ́ọ̀ọ́kán, mo gbàgbé ohun gbogbo, omi bọ́ lójú mi, mo na ọwọ́ sí i. Ọmọ ló gbà. Kò kí mi. Ó gbé e lọ síbi fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí ọmọ síwájú, ó wò ó. Ó tẹ èkejì. Ó gbé ọwọ́ ọmọ sókè, ó wo ìdí èékánná. Ìgbà yẹn ló wá pariwo, "Ọmọ mi! Ọmọ mi ni o!" Ó pe Màmá lórí ìdúró, "Màmá, etí ẹ̀ dúdú!" Mo ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń kọrin nínú fóònù. Aunty ń pàtẹ́wọ́. Èmi dúró ti àpótí ẹrù rẹ̀. Nígbà tó wá dì mọ́ mi, ara mi le gbagidi.

Kì í ṣèèyàn burúkú o. Ó ń fọ abọ́, ó ń gbé ọmọ lọ sí daycare, ó ń wá iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ní, "O ò tíì bẹ̀ mí." Ó yà á lẹ́nu tọkàntọkàn. "Kí n bẹ̀ ọ́ torí kí ni? Ṣebí mo ti gbà pé ọmọ mi ni?" Ó gbà! Ó ṣe mí lóore!

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń jẹ mí lẹ́mìí. Mo ti lóyún. Mi ò tíì sọ fún un. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó mọ ọkọ mi, ẹnì kankan nílé ọkọ mi ò rí ìyá mi rí. Pupa ni ìyá mi. Pupa fòò. Èmi nìkan ni mo gbé bàbá mi jọ. Nígbà tí ìjà yẹn le, mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi ò gbà á, torí mo mọ̀ pé wọ́n á ní àwíjàre ni mò ń wá. Tí èyí tó wà níkùn mi bá wá gbé ìyá mi jọ ńkọ́? Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní sí ṣọ́ọ̀bù tí mo máa dá lẹ́bi, kò ní sí profile tí mo gbàgbé. Etí ọmọ máa pọ́n lóòótọ́.

Ṣé kí n sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un nísinsìnyí, kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura kí ọmọ tó dé? Àbí kí n kó ẹrù mi kí oyún tó yọ? Láàárọ̀ òní ó gbé orí lé mi léjìká, ó ní òun fẹ́ ká tún bí òmíràn, pé òun fẹ́ kí wọ́n gbé èyí lé òun lọ́wọ́ bó bá ṣe ń jáde. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n ṣe lọ́jọ́ tó bá tún na ọwọ́ sí etí ọmọ mi?