Owó Tí Mo Ní Ó Ń Jẹ Oyún

Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ má wò mí bí ẹni tí àìsàn ti dà lórí rú. Egbò ọmú mi ló ń rùn, orí mi pé. Mo ní kí Badrudeen ọmọ mi pè yín jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ nítorí mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Ràhámọ̀tù tí ẹ̀ ń pè ní Ìyá Aláàánú, mi ò láàánú kankan. Ohun tí mo ṣe sí Fàsílátù, ìyàwó àbúrò mi, ó tó kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Sàlàkọ́ àbúrò mi àti Fàsílátù ń dá oko ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀nà Kuta, gbogbo yín lẹ mọ oko náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ èrè rẹ̀. Bí ìyàn bá ti mú, tí àgbàdo ò tí ì gbó, tí kò sí nǹkan nílé, Fàsílátù á wá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi. Á ní, "Ìyá Badrudeen, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ra ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀." Ẹ̀gẹ́ tí kò tí ì gbó, tó ṣì wà nínú ebè, ni mo máa ń rà ní ọ̀pọ̀, ní owó pọ́ọ́kú. Tó bá gbó, màá hú u, màá fi yan gàrí, màá gbé e lọ sí ọjà Odò-Orí n'Ìwó. Àwọn tó gbìn ín á sì tún wá tọrọ gàrí àwìn lọ́wọ́ mi. Ohun tí ẹ fi ń pè mí ní aláàánú nìyẹn. Bí Fàsílátù bá kúnlẹ̀, màá ṣe bí ẹni tí kò rí i, màá máa yan gàrí mi lọ títí orúnkún á fi máa dùn ún. Kì í ṣe èrè gàrí nìkan ló ń dùn mọ́ mi. Ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń jẹ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ara mi ń rí mi lára.

Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ kan tó ń ṣàánú wá sí abà wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fún ìyàwó àwọn àgbẹ̀ tí kò rọ́wọ́ họrí lówó. Owó náà á máa wọ orí fóònù wọn, wọn ò ní dá a padà, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe fún wọn. Wọn ò mú èmi. Wọ́n ní mo rí jẹ. Wọ́n mú Fàsílátù. Nígbà tí owó àkọ́kọ́ wọlé, ó ra oúnjẹ sílé, ó fi páànù tuntun bo ibi tí òjò ti ń wọlé bá wọn. Sàlàkọ́ tó ti ń ṣe lébìrà lóko olóko dúró lóko tirẹ̀, ó tiẹ̀ gba àwọn tó bá a roko. Kafilat ọmọ wọn, tó ti ń bá mi bó ẹ̀gẹ́, padà sílé ìwé ní Ilé-Ogbó. Ìyàn ọdún yẹn mú. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí Fàsílátù. Kò wá.

Nígbà tó ń kọjá lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ. Mo ní, "Ẹ̀gẹ́ yín ńkọ́? Ẹ ò tà á lọ́dún yìí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, a fẹ́ jẹ́ kó gbó. Bàbá Kafilat ní àwa náà á yan gàrí tiwa."

Kò sí àrífín nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi korò bíi jogbo. Bó ṣe ń lọ, mo rí i pé ara rẹ̀ ti ń dán, mo sì rí i pé ó ti lóyún.

Ọ̀dọ̀ Halimah ọ̀rẹ́ mi tó ń ta epo ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Halimah, ta ló ń fún èèyàn lówó lọ́fẹ̀ẹ́? Ṣé o ò rí i pé obìnrin tó ṣì ń bímọ ni wọ́n ń wá? Oyún ni wọ́n ń fi owó yẹn rà." Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Èmi ni mo rọ ọ́. Halimah ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀ o." Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ náà dé Olúpọ̀nnà, ó lápá, ó lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan ní Kuta gba owó náà, ó bí òkúta. Mo gbọ́ ọ lọ́jà, mo mi orí bí ẹni tí àánú ṣe.

Lẹ́yìn náà ni mo pe Sàlàkọ́, mo sunkún fún un, omijé gidi. Mo ní, "Àbúrò mi, owó yẹn máa jẹ ọmọ rẹ." Ó gbà mí gbọ́, torí èmi ni mo tọ́ ọ nígbà tí ìyá wa kú. Fàsílátù bẹ̀ ẹ́ níwájú mi. Ó ní, "Bàbá Kafilat, owó tó kù lórí fóònù yẹn ni mo fẹ́ fi bímọ ní ọsibítù n'Ìwó. Ẹ rántí ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo bí Kafilat." Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ bímọ sílé mọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ nígbà yẹn. Èmi náà mọ̀. Èmi ni mo nu ẹ̀jẹ̀ náà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Sàlàkọ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun á fi mọ èyí tí òun á ṣe. Mo yọ síìmù rẹ̀, mo jù ú sí ṣáláńgá, mo sì dúró wò ó títí ìgbẹ́ fi bò ó.

Ọ̀sán ni Fàsílátù bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Sàlàkọ́ wà lóko. Fàsílátù di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi mú fóònù mi. Ẹ pe onímọ́tò, owó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí Ìwó."

Owó gàrí wà ní ìbàdí mi, mo fi ìró dì í. Ó tó, ó ṣẹ́kù. Ohun tí mo sọ ni pé, "Fóònù yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ní sùúrù, Ọlọ́run á sọ̀ ẹ́ kalẹ̀ láyọ̀." Mo fi Ọlọ́run yẹn kan náà búra, mi ò fẹ́ kó kú. Mo kàn fẹ́ kó bẹ̀ mí sí i ni. Mo fẹ́ kó bẹ̀ mí bíi ti tẹ́lẹ̀, kí n tó tú ìró mi. Ó bẹ̀ mí títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rù tó bà mí, tí mo sáré pe mọ́tò. Wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là ní ọsibítù, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò lè bímọ mọ́. Ọmọkùnrin tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò mí.

Ẹ dúró, mi ò tí ì dé ibi tó burú jù. Nígbà tí mo gbé òkú ọmọ náà wálé, èèyàn ti kún iwájú ilé. Sàlàkọ́ na ọwọ́ méjèèjì kó gbà á. Kí n tó gbé e fún un, mo gbójú sókè, mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Ṣé mi ò sọ ọ́?" Òkú ọmọ àbúrò mi wà lápá mi, mo fi í ṣe ẹ̀rí irọ́ mi. Àwọn obìnrin abà bá lọ sọ fún ẹgbẹ́ náà pé àwọn ò gbowó mọ́, ẹgbẹ́ náà sì kó lọ. Ìyàn tún padà wọlé. Wọ́n tún ń kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi, mo tún ń rà ní ọ̀pọ̀. Kafilat kò padà sílé ìwé mọ́, ó ti wà nílé ọkọ báyìí. Mo jẹ ìkúnlẹ̀ wọn, ó dùn lẹ́nu mi, mo sanra. Ẹ má sọ pé egbò yìí ni ẹ̀san, àwọn tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi náà ń ní in.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ mìíràn tún dé sí abà. Haneefah, ìyàwó Badrudeen, tó lóyún sínú, sá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ìyá, owó tó ń jẹ oyún ni wọ́n tún gbé dé." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka Kùránì. Haneefah, gbọ́ mi dáadáa, irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí oore bá wọ ilé ẹlòmíràn tí inú yín bá korò, ẹ pè é ní ìlara, kí ẹ dákẹ́, kó pa ẹ̀yin nìkan lára. Ẹ má bù ú fún ẹlòmíràn jẹ.

Lánàá ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Sàlàkọ́ àti Fàsílátù. Sàlàkọ́ mú àdá, ó gba ọ̀nà oko lọ, kò tí ì wálé. Mo rò pé Fàsílátù á lù mí, mo tiẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé e wálé. Wọ́n ti sin ín kí n tó kúrò ní ọsibítù. Ta ló jọ?" Gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò rí ẹni tí ó lè bi léèrè, torí wọ́n ní ọmọ owó ni, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé irun kún orí rẹ̀, pé imú rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀, pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti ìyá rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó dìde, ó jáde.

Fàsílátù, mo rí ọ níbi tí o jókòó sí. Mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n má dá mi lóhùn níwájú èèyàn, kí ojú má baà tì ọ́ láti kọ̀. Bí o bá tún fẹ́ gbọ́ bí ọmọ rẹ ṣe rí, wọlé wá bá mi nígbàkígbà, bí ẹnu mi bá ṣì lè sọ ọ́.