Àpótí Ajarat

Ẹ̀yin obìnrin ṣẹ́ẹ̀dì kejì, ẹ fi tòmátò sílẹ̀ ná, kò ní rà kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀gá Junaid ló ní kí n kó yín jọ láàárọ̀ yìí nítorí ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n máa gbé dé lóṣù tó ń bọ̀, èyí tó máa ń ya tòmátò tó pọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò pọ́n. Ó ní kí èmi Màríyámọ̀, tí ẹ ń pè ní Ìyá Ìtùnú, tù yín nínú bí mo ṣe tù yín nínú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Màá ṣe é. Ṣùgbọ́n ìtùnú ọdún méjì sẹ́yìn yẹn ní abẹ́nú kan tí ẹ kò mọ̀, mi ò sì ní la ẹnu tu ẹnikẹ́ni nínú mọ́ láìkọ́kọ́ sọ ọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tilẹ̀ tíì rìn jìnnà. Ẹ má sì bẹ̀rù, mi ò ní sunkún níbí, mo ti sun tèmi nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibí ṣe rí tẹ́lẹ̀. Kò sí tábìlì. Orí tápólì nílẹ̀ la ń da tòmátò sí, tí oníkálukú á gbé àpótí rẹ̀ jókòó yí i ká. Àpótí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣa tòmátò ní Mile 12 yìí, òun ló máa lọ bá káfíńtà fún tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó lé ti ẹlòmíràn. Bí àìsàn bá dá ẹnì kan dúró sílé, tàbí tó bímọ, àwa yòókù á dojú àpótí rẹ̀ bolẹ̀ síbi tó máa ń jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí yóò fi dé, kò sẹ́ni tó máa gba àyè rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ni Ajarat jókòó sí fún ọdún mọ́kànlá. Bó bá fi àtàǹpàkò tẹ tòmátò báyìí, ó ti mọ̀ bóyá yóò gbé ọ̀sẹ̀ kan tàbí kò ní kọjá Ọjọ́ta. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ń tẹ tèmi bí ẹni ń tẹ aago ilẹ̀kùn. Ẹ rí i, ó mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn mí.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ kó apẹ̀rẹ̀ dànù, pé kíréètì oníke la ó máa lò, pé ìdúró la ó máa fi ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì, tí a ó sì máa ka nọ́ńbà lójú síkéèlì, ara gbogbo wa ò lélẹ̀. Àwọn kan ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọ̀gá Junaid pè mí sí ọ́fíìsì. "Mummy," ó ní, "ẹ̀yin ni wọ́n trust. Change yìí ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa carry them along. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú wọn." Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Bí ìjókòó Ọjọ́bọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìrun Alásàrì, màá pín kúnú, a ó ti ilẹ̀kùn, oníkálukú á sì sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Òfin kan ṣoṣo ló wà, èmi fúnra mi ni mo ṣe é: ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ò lè bá mi du ìyẹn. Cecilia tó jókòó yìí sọ pé orúnkún òun ò ní gba ìdúró, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n bá òun sọ fún ọ̀gá, mo sọ ọ́, ó sì ń sinmi láàárín iṣẹ́ di òní. Àwọn tó fẹ́ lọ ò lọ mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ó kan Ajarat. "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì," ó ní. "Tòmátò ò ní mí lára, ọwọ́ mi ń bá mi rí i. Àmọ́ nọ́ńbà tó wà lójú síkéèlì yẹn, mi ò rí i rárá, kò sì ṣeé fọwọ́ tẹ̀." A rẹ́rìn-ín títí, àwa kan sì ń nu ojú. Ó wá ní, "Ẹ má jẹ́ kó dé etí ọ̀gá o. Bí a bá ti ṣe Iléyá tán, ọmọ mi máa mú mi lọ gba awò." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí Iléyá dé.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Junaid tún pè mí. Ó ní àwọn tó wà lókè fẹ́ dín èèyàn kù, pé ọ̀kan nínú àwa àgbà méjèèjì ló máa di supervisor, ẹnì kejì á lọ sinmi. "Mummy, kí n má parọ́ fún yín, Aunty Ajarat ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní ọwọ́ wọn dáa. Kí lẹ̀yin rí sí i?" Mo lè ní mi ò rí nǹkan kan sí i. Mo lè ní ẹni tó tọ́ ni wọ́n yàn. Mo wo ojú ọmọ yẹn, mo ní, "Kò ríran mọ́." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Mi ò sọ ti awò, mi ò sọ ti Iléyá.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọjọ́rú ni wọ́n fún un ní ìwé pé kó máa lọ sílé. Ó wá bá mi níbí yìí, lójú yín, ó gbé orí lé mi láyà. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ajarat, mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ títí orúnkún mi fi bó." Orúnkún wo? Èmi tí mi ò dìde lórí àga! Òun ló wá ń nu omijé mi. "Má sunkún mọ́, Màríyámọ̀, o ṣe tìẹ." Ló bá gbé àpótí rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí ẹni tó gbèjà òun máa jókòó lé e. Mo gbà á. Mo jókòó lé e, mo di supervisor. Ọjọ́ yẹn lẹ sọ mí ní Ìyá Ìtùnú, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Nínú gbogbo yín, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé tí a ò dojú àpótí náà bolẹ̀ bí ìṣe wa. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn lónìí. Àpótí tí a bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹni tó ni ín ń bọ̀. Èmi ò fẹ́ kó padà wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gá Junaid ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ ìjókòó Ọjọ́bọ̀, ó wá fi kún un pé kí n máa fojú sí àwọn tí kò ní lè bá ẹ̀rọ náà ṣe. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ajegunle, lọ́nà Owódé Onírin. Omi ti gun ẹnu ọ̀nà Ajarat, ó ti fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè. Awò wà lójú rẹ̀. Láti òkèèrè ló ti rí mi, ó ní, "Màríyámọ̀, o ti rù o!" Inú omi yẹn ni mo dúró sí tí mo fi rò ó fún un délẹ̀. Mo rò pé èpè ló kàn. Ó ní, "Àpótí mi dà?" Mo ní ó wà ní ṣẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ibi tí mo ti sọ tèmi, ibẹ̀ ni kó o ti lọ sọ tìẹ. Màá wá gbọ́ ọ." Kò sọ pé òun dárí jì mí. Mi ò ní bá a sọ ọ́.

Lánàá, mo sọ fún Ọ̀gá Junaid pé orúkọ ẹnikẹ́ni ò ní ti ẹnu mi jáde mọ́. Mo ní kí ó kọ̀wé sókè pé ipò tí mo wà, ẹlòmíràn ló ni ín, kí ó sì kọ ohun tí mo ṣe sínú rẹ̀. Ó ní, "Ha, Mummy, mi ò mọ̀ pé inú ìjókòó yẹn lẹ ti gbọ́ ọ." Ó ti kọ ọ́. Wọn ò tíì fèsì, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, mo gbà.

Aliyah, ìwọ tí wọ́n ń sọ pé wàá darí àwọn èèyàn lẹ́yìn mi, gbọ́ tèmi. Ẹni tó bá sọ ẹ̀rù ọkàn rẹ̀ fún ọ, àmánà ló fi sí ọ lọ́wọ́ pé kó o pa mọ́, wàá sì jíhìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó o lọ tu èèyàn nínú, kọ́kọ́ bi ẹni tó rán ọ pé kí ló fẹ́ fi omijé wọn ṣe. Bí kò bá rí èsì fún ọ, má lọ.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ forí jì mí. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ ẹ̀rù rẹ̀ fún mi lónìí, tèmi nìkan ni mo fẹ́ sọ: ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́ mọ́, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ajarat, mo ti rí ọ láti ìgbà tó o ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Wọlé wá. Mo ti fọ àpótí rẹ. Ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi níbí, mo ti dojú rẹ̀ bolẹ̀. Bó o bá fẹ́ gbé e lọ sílé, èmi ni màá rù ú. Bó o bá sì fẹ́ jókòó, wá yí i sókè. Èmi á wà lórí ìdúró.