Ta Ló Ń Nu Ẹsẹ̀ Ajá Mi Lójò?

Ìyá Àgbà, ẹ má sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan, nǹkan wà! Ẹnì kan ń ba Jẹ́nsinmi ajá mi jẹ́ nínú Ararọ̀mí-Ọ̀pin yìí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ẹni náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní mi ò lẹ́nu, pé bí wọ́n bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, èmi náà ni màá tún tọrọ àforíjì. Ó dáa, mo ti lẹ́nu báyìí, ẹ fi ẹ̀gúsí yẹn sílẹ̀ ná.

Rárá, mi ò pariwo. Ṣé ariwo nìyí?

Ṣé ẹ mọ̀ pé Sátidé ni Ọ̀gá Ṣògo ń retí mi ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin? Ọ̀gá Ṣògo tó fẹ̀yìn tì ní kánsù, tó ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá yẹn. Òjò làwọn olè máa ń dè kí wọ́n tó wọ oko ẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé bí òjò bá ti ń rọ̀, ọlọ́dẹ á sá wọ abà, ajá á sì tẹ̀ lé e. Ó ní ajá tó bá lè jókòó síbi tí wọ́n fi í sí nínú òjò, láìsí okùn lọ́rùn ẹ̀, títí wọ́n á fi pè é, òun á gba ẹni tó kọ́ ọ síṣẹ́, òun á sì kó ọmọ ajá mẹ́ta fún un kó máa kọ́ wọn. Iṣẹ́ nìyẹn, Ìyá Àgbà! Láti èṣí tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, ta ló tíì ní kí n wá ṣe iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe? Èmi àti Qòsím, tóun náà ń kọ́ ajá, ló sì pè. Èmi àti Qòsím nìkan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ̀yin náà rí bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mi ò kàn ju Jẹ́nsinmi sínú òjò. Òjò winniwinni ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Bí mànàmáná bá ti kọ, kí n tiẹ̀ tó gbọ́ àrá, mo ti mú un wọlé. Mi ò jẹ́ kó sáré lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé tó máa ń yọ̀ yẹn, kó má baà ṣẹ́ itan. Okùn ọrùn ẹ̀, mo máa ń ti ìka méjì bọ̀ ọ́ wò, torí okùn tó bá ti rin máa ń fún mọ́ ọrùn. Bó bá ṣe dáadáa, ó jẹ ẹja pańla, mo fi àkísà nù ún, mo tẹ́ àpò ìrẹsì gbígbẹ fún un. Díẹ̀ nínú ẹ̀, orí fóònù ni mo ti rí i, ìyókù, èmi ni mo rò ó. Oṣù méjì gbáko! Ajá náà sì ti ń gbọ́.

Àfi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Bí òjò bá ti kán sórí páànù báyìí, ajá ti pòórá. Màá pè é, màá pè é, ẹ sì mọ̀ pé ohùn mi ò tó nǹkan, ariwo páànù á bò ó mọ́lẹ̀. Bí òjò bá wá dá, ó ti dé, ó ń jùrù, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó fínnífínní. Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yìn ẹ̀ rin, ikùn ẹ̀ gbẹ. Báwo ni ajá tó wà lójò ṣe máa ní ikùn gbígbẹ? Ẹnì kan ti nù ún. Mo wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀, kò sí ẹrẹ̀, àní tẹsẹ̀ ẹ̀yìn pàápàá, tí èmi fúnra mi máa ń gbàgbé! Ta ló ń nu ẹsẹ̀ ajá mi? Mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ símú, òórùn òrí ni. Òrí, Ìyá Àgbà! Ta ló sì ń ta òrí lọ́jà Òkè-Ọ̀pin bí kò ṣe ìyá Qòsím?

Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?

Wàláhì, ó fẹ́ fa ojú ajá náà mọ́ra ni, kó lè dójú tì mí níwájú Ọ̀gá Ṣògo. Ṣebí mo pàdé ẹ̀ lánàá níbi tí wọ́n ti ń wọ ọ̀kadà. Ó ní, "Fatai, ajá ẹ ń kọ́?" Ajá ẹ ń kọ́! Ẹni tí kò kí mi láti ìgbà ààwẹ̀! Mo ní ó wà. Ó ní, "Kó má kàn lọ máa sá fún omi o," ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Ta ló sọ fún un? Ẹ dáhùn, ta ló sọ fún un? Mo kàn ń wo bàtà ẹ̀. Bàtà ẹ̀ ò ní eérú.

Bẹ́ẹ̀ ni, eérú. Mi ò tíì sọ ti eérú fún yín. Eérú máa ń wà ní ìhà òsì Jẹ́nsinmi, bí ẹni pé ó lọ dùbúlẹ̀ ti iná igi. Gáàsì ni wọ́n sì ń lò nílé Qòsím. Ìyẹn nìkan ni kò tíì yé mi. Gáàsì náà ni wọ́n ń lò nílé Sikirat lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Gbogbo àdúgbò yìí ni, àfi…

Ìyá Àgbà.

Ẹ wò mí lójú.

Kí ló dé tí ẹ máa ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀mejì bí òjò bá rọ̀? Mo ti ń rí i tipẹ́, mo rò pé ẹ ń gbàgbé ni. Ní Àsàárì ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ ṣe é, ẹ lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ padà, ẹ tún un ṣe. Ẹ tún pààrọ̀ ìró. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ kéde fún gbogbo ilé pé ajá tútù ò gbọdọ̀ fara kàn yín tí ẹ bá fẹ́ kírun! Gbogbo ìlú ni mo wá a dé. Ta ló máa wá ajá dé ìdí iná igi nílé ìdáná yín, pẹ̀lú gbogbo òfin tẹ́ ẹ ṣe yẹn?

Ó ń gbọ̀n? Ajá tó ń kọ́ṣẹ́ ló… Ó dáa, bóyá ó gbọ̀n díẹ̀. Ìgbà tí mo fò láti ìṣẹ́jú márùn-ún sí ogójì, torí pé Sátidé ti ń sún mọ́, bóyá ó gbọ̀n. Ṣé ó wá yẹ kẹ́ ẹ máa fi òrí pa á lẹ́sẹ̀ bí ọmọ ìkókó, láìsọ fún mi? Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré! Mo ti fi Qòsím sun Ọlọ́run lórí ìrun lẹ́ẹ̀mejì! Kí lẹ wí? Pé mo ń pe ajá kiri lójò, ta ni kò ní gbọ́? Ẹ wò ó, ẹ má gbèjà Qòsím.

Òjò ti dé nìyẹn. Ẹ wò ó bó ṣe ń bọ̀, ajá burúkú, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀, kò tiẹ̀ wò mí. Ẹ má tíì gbé kẹ́tù àlùwàlá, mò ń bá yín sọ̀rọ̀! Mo mọ̀ pé Àsàárì ti tó. Kí lẹ ń gbá ìdérí ẹ̀ mọ́ ọn sí…

Ó jókòó.

Ó jókòó sínú òjò. Ìyá Àgbà, kí lẹ ṣe fún un? Ẹ tún un ṣe. Rárá, ẹ má ṣe é mọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Kò mira! Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn? Bẹ́ ẹ bá ti gbá ìdérí kẹ́tù, kó má fara kàn yín mọ́, kó jókòó síbi tó bá wà, títí ẹ ó fi sálámà parí ìrun? Títí ẹ ó fi sálámà! Láìsí okùn! Ohun tí mo ti ń fi ohùn mi wá fún oṣù méjì, tí páànù ń bò mọ́lẹ̀, ẹ̀yin kàn gbá ìdérí kẹ́tù, kó, kó, kó.

Ẹ rẹ́rìn-ín yín dáadáa. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi o, kẹ́ ẹ mọ̀.

Ẹ lọ kírun, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù, òtútù ń mú un. Èmi ni màá nù ún lónìí, ẹ fi òrí yẹn sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, kẹ́tù yẹn ń bá mi lọ sí Ìsọlọ̀-Ọ̀pin ni, ẹ fi ike ṣe àlùwàlá yín lọ́jọ́ náà. Bí Ọ̀gá Ṣògo bá sì bi mí pé kí ni kẹ́tù ń wá nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, màá ní kó dákẹ́ ná, ajá mi ń dúró de ẹni tó ń kírun.