Fáìlì Kékeré Tó Wà Lápò Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Ìpè tí ọmọ mi obìnrin pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Hillcrest Heights, ní Maryland ní Amẹ́ríkà, là ń gbé. Mẹkáníìkì ni mí láti Ìbàdàn, mo sì rí iṣẹ́ níbí ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń yẹ ìbọn àwọn ológun wò kí ìjọba tó rà wọ́n. Lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mókọ́lá, bí ẹ̀yà ọkọ̀ kan kò bá wọlé, a ó fi fáìlì, irin eléyín wẹ́wẹ́ tí a fi ń ha irin, ha á títí yóò fi gbà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ha la máa ń yìn.

Ẹ wá wo ohun tí mo rí ní Amẹ́ríkà! Wọ́n tú àwọn ìbọn tuntun palẹ̀ lórí tábìlì gígùn, wọ́n da ẹ̀yà wọn pọ̀ bí ẹni da ẹ̀wà mọ́ àgbàdo, wọ́n ní kí a tún wọn tò. Kò sí fáìlì, kò sí òòlù. Èyí tí ọwọ́ bá ṣáà ti bà gbọ́dọ̀ wọ inú ìbọn èyíkéyìí. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára ìbọn lójú ogun, ẹ̀yà ara ìbọn mìíràn ni wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì wo ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀?

Mo mú irin kan, ó wọlé. Mo mú òmíràn, ó wọlé wẹ́rẹ́. Orí mi wú. Irú ọgbọ́n wo lèyí? Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, mi ò purọ́.

Ìbọn tó kẹ́yìn ló bà mí jẹ́. Irin tó ń ti ọta sínú rẹ̀ kọ̀, kò wọlé. Ó yẹ kí n pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti kọjú sí àwọn ìbọn tó ti parí. Fáìlì kékeré tí mo gbé wá láti ilé sì wà lápò mi, bó ṣe máa ń wà. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ti ṣe é kí ọkàn mi tó mọ̀. Mo ha á díẹ̀, ó gbà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Beautiful work, my friend!" Wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn ìbọn náà dára.

Mo ti fáìlì padà sápò. Mo bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́, òótọ́ ni. Àmọ́ mi ò tún fẹ́ kí ohun ìyanu náà bàjẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún Tèmítọ́pẹ́, ọmọ mi, tó ṣì kéré nígbà náà. Mi ò dárúkọ fáìlì. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, títí ó fi di ìtàn ilé wa. Lọ́dún yìí, ó fi ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní College Park sílẹ̀, ó wọṣẹ́ ológun.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ló ti pè mí. Inú rẹ̀ dùn gan-an. "Daddy! They gave us our rifles! Same kind tí ẹ test. I told everybody pé my daddy checked them, so we're good!"

Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Mi ò mọ ọwọ́ ẹni tí ìbọn ọjọ́ náà wà. Mi ò mọ̀ bóyá irú irin tó kọ̀ yẹn tún wà nínú àwọn tí wọ́n ń lò. Tèmítọ́pẹ́ ní bí a bá wá síbi ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ wọn, kí n sọ ìtàn mi fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ ogun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Kí ni kí n ṣe? Ọmọ mi ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, èmi ló sì fọkàn tán.